Kílọ́ọ̀ṣì Micra Tó Ń Yọ̀: Ṣé A Lè Pààrọ̀ Rẹ̀ Níwájú Ilé?

Olùkọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Micra àtijọ́ ni mò ń wà, máńúà ni, òun ni mo sì fi ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkòyí-Ilé láràárọ̀. Láti bí oṣù kan, tí mo bá tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnnì á ké gan-an, ọkọ̀ ò sì ní yára. Tó bá wá di òkè, mo máa ń gbọ́ òórùn bí ìgbà tí aṣọ ń jóná. Mẹkáníìkì ní kílọ́ọ̀ṣì ti tán. Owó iṣẹ́ tó pè ju owó ọjà lọ. Mo ní àpótí sípánà, mo ti pààrọ̀ páàdì bíréèkì fúnra mi rí. Àbúrò mi ọkùnrin wà nílé, á bá mi ṣe é. Ṣé a lè ṣe é níwájú ilé wa lọ́jọ́ Sátidé kan? Kí ni ká ṣọ́ra fún?”

Àbúrò mi, ẹ lè ṣe é. Ẹni tó bá ti tú bíréèkì rí, tó dá a padà, tí ọkọ̀ sì ń dúró níbi tó ní kó dúró, kò sí ohun tó wà nínú iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì tí kò ní yé e. Ṣùgbọ́n má pè é ní iṣẹ́ Sátidé kan. Èmi tí mo ti ń ṣe é látọjọ́ pípẹ́, tí mo ní ọmọ iṣẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni Micra ń gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe é rí, ẹ fi Sátidé tú u, kí ẹ fi Sọ́ńdè dì í, kí o sì ti bá ẹnì kan sọ ọ́ sílẹ̀ pé kó gbé ọ dé Ìkòyí-Ilé lọ́jọ́ Mọ́ńdè bí iṣẹ́ bá kọjá bí ẹ ṣe rò ó. Àwọn tí mo rí tí wọ́n ṣèṣe lórí iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ilẹ̀ ló ti ń ṣú lọ, wọ́n sì fẹ́ parí rẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé.

Má tíì lọ sọ́jà. Ohun tí o ṣàlàyé yẹn jọ ti kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kílọ́ọ̀ṣì lè máa yọ̀ kí díìsì rẹ̀ tó tán. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kó lè yé ọ ibi tí mò ń lọ.

Ara ẹ́ńjìnnì ni fíláíwíìlì, irin roboto ńlá kan, wà, bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́ ni òun náà ń yí. Wọ́n fi bóòtù de pressure plate, irin tó ní sípíríǹgì nínú, mọ́ ọn lára. Díìsì há sáàárín àwọn méjèèjì, orí ṣáàfù tó wọ inú jíàbọ́ọ̀sì ló sì gùn. Bí ìgbà tí o fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì há páálí kan ni: tí ọwọ́ bá dì í dáadáa, ibi tí ọwọ́ bá yí sí ni páálí ń yí sí. Tí o bá tẹ pẹ́dàlì, wáyà á fa apá irin kan, apá náà á ti bíárìn, bíárìn á tẹ àwọn ìka irin tó wà láàárín pressure plate, ìdìmú á sì tú. Díìsì á dá wà, ìwọ á ráyè yí jíà. Bí o bá gbẹ́sẹ̀, ó tún há a.

Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ò mọ̀ rèé. Bí díìsì ṣe ń jẹ tó ń fẹ́lẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìka irin yẹn ń yọ bọ̀ lọ́dọ̀ bíárìn. Èyí túmọ̀ sí pé wáyà tí wọ́n dẹ̀ dáadáa nígbà tí díìsì wà ní tuntun, ara rẹ̀ ló ń le bí díìsì ti ń gbó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Tí wọn kò bá dẹ̀ ẹ́ látìgbàdégbà, ọjọ́ ń bọ̀ tí bíárìn á máa tẹ pressure plate nígbà tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sí lórí pẹ́dàlì. Nígbà náà, díìsì tó ṣì lè lo oṣù mẹ́fà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, yíyọ̀ náà á máa sun ún, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa fi parí ayé rẹ̀.

Nítorí náà, kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ pẹ́dàlì. Ó yẹ kó rìn fàlàlà díẹ̀, bíi fífẹ̀ ìka kan, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Tó bá jẹ́ pé láti òkè pátápátá ló ti le, lọ sí ìdí wáyà lórí jíàbọ́ọ̀sì, dẹ nọ́ọ̀tì tó wà níbẹ̀ títí tí àyè yẹn á fi padà. Wo wáyà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú: tí okùn inú rẹ̀ bá ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí tó há nínú ọ̀rá rẹ̀ tí kì í padà tán, òun ni ọ̀tá rẹ. Mo ti rí ọkọ̀ tí wáyà nìkan wò sàn.

Lẹ́yìn èyí, dán an wò. Gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, fa bíréèkì ọwọ́ tọwọ́tẹsẹ̀, fi òkúta ńlá há táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró síwájú tàbí sẹ́yìn rẹ̀. Tan ẹ́ńjìnnì, fi í sí jíà kẹta tàbí kẹrin, tẹ tọ́tù díẹ̀, kí o wá máa gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dára gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé o kò fi jíà sí nǹkan kan, díìsì ń yọ̀, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó, nítorí gbogbo ìgbà tí o bá tún un ṣe lò ń sun ìwọ̀nba tó kù.

Tó bá jẹ́ pé jíà ni kì í wọlé, tó ń ké kó tó wọ̀, ìyẹn kì í ṣe yíyọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tí kì í tú tán nìyẹn, ó sì fẹ́ ìtọ́jú mìíràn. Bákan náà, ariwo tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí o bá tẹ pẹ́dàlì sábà máa ń jẹ́ ti bíárìn kílọ́ọ̀ṣì, èyí tó sì ń dákẹ́ nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ sábà máa ń wá láti inú jíàbọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Fi etí sí èyí kó o tó tú u, torí tó bá jẹ́ ti inú jíàbọ́ọ̀sì, ìgbà tó bá wà nílẹ̀ ló yẹ kó o tọ́jú rẹ̀.

Ó dáa, ká ní o dán an wò, ó sì yọ̀. Kí o tó ra tuntun, bi ara rẹ ní ohun tó jẹ ti àkọ́kọ́. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ṣé o máa ń gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì bí o bá ń wakọ̀ lọ? Bàtà tó kan fara kan pẹ́dàlì ti tó láti dín ìdìmú kù. Ṣé kílọ́ọ̀ṣì lo fi ń dá ọkọ̀ dúró lórí òkè dípò bíréèkì? Ṣé jíà kejì lo fi ń gbéra? Ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àtijọ́, níbi tí èèyàn ti ń tò tẹ̀lé tírélà lórí òkè, tó ń rìn ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀, ti ba kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ lójú mi ju eré sísá lọ. Nírú ibẹ̀, jẹ́ kí àyè ṣí níwájú rẹ, kí o wá fi jíà kìíní rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan, kí ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí pẹ́dàlì pátápátá.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn ni ọ́ìlì. Ní nǹkan bí ọdún 2009, awakọ̀ tásíì kan tó ń ná Sábó gbé Micra rẹ̀ wá bá mi. Mo pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa, ó san owó, ó dúpẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi padà wá pé ó tún ti ń yọ̀. Nígbà tí mo sọ jíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀, díìsì tuntun náà rin gbingbin. Síìlì ìdí ẹ́ńjìnnì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́, èyí tó wà lẹ́yìn fíláíwíìlì, ló ń jò. Mo ti rí i pé ibẹ̀ tutù nígbà àkọ́kọ́, mo nu ún, mo sì dì í padà lé e lórí. Owó àpò mi ni mo fi ra díìsì kejì fún un, n kò sì gba owó iṣẹ́, nítorí ọkọ̀ yẹn ni ọkùnrin náà fi ń bọ́ ilé rẹ̀, ọjọ́ méjì ni kò fi ṣiṣẹ́ nítorí mi. Láti ìgbà náà, n kì í dì kílọ́ọ̀ṣì padà láìpààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì àti síìlì ẹnu jíàbọ́ọ̀sì. Owó wọn kéré. Títú jíàbọ́ọ̀sì ló wọ́n, yálà owó lo fi san án tàbí òógùn.

Lọ́jà, mú ọkọ̀ rẹ tàbí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dání, ó sì dára jù kí o tú ti àtijọ́ kí o tó lọ rà, kí o lè kó o dání. Gbé tuntun lé àtijọ́ lórí: kí wọ́n fẹ̀ bákan náà, kí eyín ihò àárín wọn pé iye kan náà. Ti díìsì náà sórí ṣáàfù jíàbọ́ọ̀sì kí o rí i pé ó ń rìn fàlàlà. Tí o kò bá rí èyí tó bá a mu ní Ògbómọ̀ṣọ́, Gate ní Ìbàdàn ò jìnnà jù fún ohun tí o máa lò fún ọdún mélòó kan. Àwọn mẹ́ta ni kí o rà pọ̀: díìsì, pressure plate, bíárìn. Mo mọ̀ pé tòkunbọ̀ wà, ó sì dín owó kù. Èrò tèmi ni pé pressure plate tòkunbọ̀ ṣeé gbà tí ojú rẹ̀ bá mọ́, tí kò ní ìlà tàbí àwọ̀ búlúù, tí àwọn ìka irin rẹ̀ sì ga dọ́gba. Díìsì tòkunbọ̀, mi ò ní bá ọ rà á. Bíárìn tòkunbọ̀ ńkọ́? Má dán an wò láé. Òun ló kéré jù nínú wọn, òun náà ló sì máa dá ọ padà sábẹ́ ọkọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti kà á lẹ́ẹ̀mejì la dé yìí.

Lọ́dún 1997, mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ bíi tèmi kan wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, lórí ilẹ̀ pupa tí òjò ti rọ̀ sí lóru. Jáàkì rì lápá kan, ó sì yẹ̀. Ohun tó yọ ọmọ náà ni pé ó ti ti táyà tó tú sábẹ́ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kì í ṣe nítorí ààbò o, kó má bàa dí ọ̀nà ni. Orí táyà yẹn ni ọkọ̀ bọ́ sí. Apá rẹ̀ kán, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ó ní ìyàwó àti ọmọ lónìí. Mo ṣì ń gbọ́ ìró ọkọ̀ yẹn létí mi.

Nítorí náà, jáàkì wà fún gbígbé sókè, kò sí fún dídúró. Wá sítáǹdì onírin méjì, yá a lọ́wọ́ mẹkáníìkì tí ẹ jọ ń ṣe dáadáa bí o kò bá ní. Má lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì, ó ń fọ́ lójijì láìkìlọ̀. Tí iwájú ilé yín bá jẹ́ ilẹ̀ lásán, wá pákó tó nípọn tó sì fẹ̀ sábẹ́ sítáǹdì kọ̀ọ̀kan, bí òjò bá sì rọ̀, ẹ sún iṣẹ́ náà di ọjọ́ mìíràn. Abẹ́ irin ara ọkọ̀ tó le ni kí sítáǹdì wà. Tì ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Tó bá mì lórí sítáǹdì, sọ ọ́ kalẹ̀ kí o tún un gbé. Táyà tí ẹ bá tú, ẹ tì í sábẹ́ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Àbúrò rẹ gbọ́dọ̀ wà lójúfò nígbà gbogbo tí o bá wà lábẹ́, àwọn ọmọdé gbọ́dọ̀ jìnnà, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ inú ọkọ̀ lọ gbé fóònù tó ń dún.

Ó yá, ká tú u. Kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀ rárá, yọ píìnì inú nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín táyà iwájú méjèèjì, kí àbúrò rẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí o sì dẹ nọ́ọ̀tì náà pẹ̀lú sípánà tí o fi páìpù gùn lọ́wọ́. Tí o bá gbàgbé èyí di ìgbà tí ọkọ̀ wà lókè, o máa fipá mì í lórí sítáǹdì, o sì ti mọ ìtàn yẹn. Yọ orí négátíìfù bátìrì, kí o gbé bátìrì àti ohunkóhun tó dí ojú jíàbọ́ọ̀sì kúrò. Yọ wáyà kílọ́ọ̀ṣì, wáyà iná rìfáàsì, wáyà tó ń ka eré, irin tó ń yí jíà, àti sítátà. Fi fóònù ya àwòrán gbogbo ibi tí o bá fẹ́ fọwọ́ kàn, kí o tó fọwọ́ kàn án.

Dà epo jíà sínú abọ́ mímọ́, kí o wo àwọ̀ rẹ̀. Eruku irin díẹ̀ lára òòfà ìdérí kò ṣàjèjì. Tó bá jẹ́ èérún irin tó tó èékánná, ọ̀rọ̀ ti kọjá kílọ́ọ̀ṣì.

Láti ráyè fa ṣáàfù ẹsẹ̀ táyà, ọ̀nà tó rọrùn jù fún ẹni tí kò ní irinṣẹ́ púpọ̀ ni kí o tú bóòtù méjì tó di ìsàlẹ̀ ṣọ́kù mú. Fi ìṣó fa ìlà sí ibi tí bóòtù náà jókòó sí kí o tó tú u, kí táyà lè padà dúró bó ṣe wà. Má jẹ́ kí bíréèkì rọ̀ mọ́ ọ̀pá rọ́bà rẹ̀, fi okùn so ó sókè. Fi irin kékeré ta ṣáàfù náà jáde ní ẹnu jíàbọ́ọ̀sì. Má fa a láti ọ̀dọ̀ táyà o, nítorí ojú oríkèé inú á tú kúrò nínú rọ́bà rẹ̀, wàá sì ní iṣẹ́ mìíràn tí o kò bẹ̀. Àwọn jíàbọ́ọ̀sì kan wà tí jíà inú wọn máa ń yẹ̀ bí o bá yọ ṣáàfù méjèèjì láìfi nǹkan rọ́pò, nítorí náà fi igi roboto tí o gbẹ́ wọ ihò kan bí o bá ti yọ tibẹ̀.

Wàyí o, ìwọ̀n. Jíàbọ́ọ̀sì ọkọ̀ kékeré kò tó àpò sìmẹ́ǹtì kan, ṣùgbọ́n o kò ní gbé e ní èjìká. Orí àyà rẹ ni yóò wà, lábẹ́ ọkọ̀, tí epo sì bo ọwọ́ rẹ. Kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnnì ró, torí jíàbọ́ọ̀sì wà lára ohun tó gbé e mọ́ ara ọkọ̀: jáàkì kan sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú pákó láàárín, kí irin má bàa lu abọ́ ọ́ìlì, tàbí páìpù irin tó le tí ẹ gbé dábùú lórí ara ọkọ̀ méjèèjì tí ẹ sì fi ṣéènì so ẹ́ńjìnnì mọ́. Gbé jáàkì kejì sábẹ́ jíàbọ́ọ̀sì, fi pákó sí i, kí o sì fi okùn dì wọ́n pọ̀ kó má bàa yí dànù. Ìgbà yìí ni kí o tó tú síìtì jíàbọ́ọ̀sì, ìyẹn ohun tó gbé e mọ́ ara ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, tú bóòtù tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Gígùn wọn kì í dọ́gba, nítorí náà ya àwòrán jíàbọ́ọ̀sì sórí páálí, kí o sì gún bóòtù kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tó ti wá. Fi méjì sílẹ̀ dìgbà ìkẹyìn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fà á, kó jáde tààrà. Má jẹ́ kó rọ̀ sórí díìsì nígbà tí ṣáàfù ṣì wà nínú ihò. Lọ́jọ́ àtijọ́, mo jẹ́ kó rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń dá ọ̀kan padà, mo yà sí ẹ̀gbẹ́ kan láti mú sípánà. Àárín díìsì tuntun náà tẹ̀. Nígbà tí mo parí, jíà kọ̀, kò wọlé, mo sì tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kí o tó fọwọ́ kan kílọ́ọ̀ṣì, mú aṣọ tó tutù. Eruku dúdú tó wà nínú ibẹ̀ kò yẹ ní mímí sínú: àwọn díìsì àtijọ́ ní asbestos nínú, ohun kan náà tí wọ́n fi ń ṣe páànù àjà ilé láyé ọjọ́un. Má fi ẹnu fẹ́ ẹ, má fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Fi aṣọ tutù nù ún, kí o sì jù ú nù. Tú bóòtù pressure plate díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa ìràwọ̀, ọ̀kan síhìn-ín, èkejì lódìkejì, nítorí sípíríǹgì inú rẹ̀ ti fún. Tí o bá tú ẹ̀gbẹ́ kan tán kí o tó dé èkejì, o lè tẹ̀ ẹ́.

Wá jókòó sílẹ̀, kí o wo wọ́n dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀, bí ohun tó bo orí rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó kékeré tó di ojú díìsì mú, bá ti ku 0.3 mílímítà, ó ti tán. Tí rífẹ́ẹ̀tì bá ti kan fíláíwíìlì, wàá rí ìlà tó jìn lójú rẹ̀, bí èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ fà. Àmì búlúù tàbí ojú tó sán wẹ́wẹ́ túmọ̀ sí pé iná ti jó o. Ìlà tó fẹ́lẹ́ ṣeé fi sáńpépà pa, lẹ́yìn rẹ̀ kí o nù ún. Èyí tí èékánná rẹ há sí, gbé fíláíwíìlì náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ha irin. Tí díìsì bá gbẹ tó sì fẹ́lẹ́ yíká dọ́gba, ọjọ́ orí rẹ̀ ló pé tàbí ẹsẹ̀ awakọ̀ ló jẹ ẹ́. Tó bá dúdú tó sì ń dán, síìlì ni. Pààrọ̀ síìlì méjèèjì nísinsìnyí, kí o fi igi tó tẹ́jú lù wọ́n wọlé yíká díẹ̀díẹ̀, kí o sì fi ọ́ìlì díẹ̀ pa ẹnu wọn kí ó má bàa gbẹ.

Dídì í padà, nǹkan mẹ́ta ló ṣe pàtàkì, ìyókù jẹ́ títú tí o yí padà sẹ́yìn.

Ojú díìsì ni àkọ́kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, apá tí sípíríǹgì rẹ̀ yọ síta ló ń kọjú sí jíàbọ́ọ̀sì, wọ́n sì sábà máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀. Kà á. Ẹni tó bá fi í sódì, àárín díìsì lè máa ha bóòtù fíláíwíìlì, kílọ́ọ̀ṣì kò sì ní tú.

Èkejì ni àárín gbùngbùn. Pressure plate á há díìsì sí ibi yòówù tó bá wà, tí kò bá sì wà láàárín, ṣáàfù jíàbọ́ọ̀sì kò ní wọlé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Irinṣẹ́ oníke tí wọ́n fi ń ṣe é máa ń bá kílọ́ọ̀ṣì wá nígbà mìíràn. Bí kò bá sí, gbẹ́ igi kí ẹnu rẹ̀ wọ ihò ìdí ẹ́ńjìnnì, kí o wé téèpù mọ́ ibi tó kù títí tó fi há díìsì lójú. Fi ọwọ́ mímọ́ mú díìsì. Epo ọwọ́ rẹ pàápàá kò yẹ lójú rẹ̀. Di bóòtù pressure plate bí o ṣe tú u, ní ìràwọ̀, díẹ̀díẹ̀, dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ rẹ bá sọ.

Ẹ̀kẹta ni gírísì. Ìwọ̀nba tó lè bo èékánná ni kí o fi pa eyín ṣáàfù àti ibi tí bíárìn ti ń rìn. Èyí tó bá pọ̀ jù á fò sórí díìsì.

Tí ẹ bá ń ti jíàbọ́ọ̀sì padà, tó kù bíi ìwọ̀n ìka méjì tí kò sì wọlé mọ́, má fi bóòtù fà á. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fọ́ etí jíàbọ́ọ̀sì. Fi jíà sí i, kí àbúrò rẹ yí ibi tí ṣáàfù ẹsẹ̀ táyà ń wọ̀ díẹ̀ kí eyín bá eyín mu, kí o sì wò ó bóyá jíàbọ́ọ̀sì ga ju ẹ́ńjìnnì lọ lápá kan. Nígbà tó bá tọ́, ara rẹ̀ ló máa wọlé, wàá gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó bá jókòó. Ìgbà yẹn ni bóòtù kàn.

Epo jíà tuntun ni kí o dà sí i, irú èyí tí ìwé ọkọ̀ bá dárúkọ. Tó bá ní GL-4, má jẹ́ kí oníṣòwò fún ọ ní GL-5 pé ó lágbára jù. Ohun tó wà nínú GL-5 kan lè jẹ bàbà tó wà nínú jíàbọ́ọ̀sì. Di nọ́ọ̀tì ńlá àárín táyà nígbà tí ọkọ̀ bá ti padà sílẹ̀, kí o sì dá píìnì rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, dẹ wáyà kílọ́ọ̀ṣì kí ó ní àyè bíi fífẹ̀ ìka kan, kí o tún un wò lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan.

Fún àwọn tó ń kà á tí wọ́n ń wa Golf 2 tàbí Golf 3: má tẹ̀ lé gbogbo èyí. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, pressure plate ni wọ́n dè mọ́ ẹ́ńjìnnì, fíláíwíìlì sì wà lórí rẹ̀, bíárìn sì wà ní ẹ̀yìn jíàbọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀pá gígùn kan ti ń ti kílọ́ọ̀ṣì láti inú ṣáàfù. Iṣẹ́ mìíràn ni.

Kí o tó jáde sí títì, tún gbé táyà iwájú sókè sórí sítáǹdì, tan ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sí lábẹ́ rẹ̀, kí o sì yí gbogbo jíà títí dé rìfáàsì. Fún bíi 300 sí 500 kìlómítà àkọ́kọ́, má gbé ẹrù púpọ̀, má fi ẹsẹ̀ já kílọ́ọ̀ṣì lójijì, nítorí ojú díìsì àti fíláíwíìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara wọn. Òórùn díẹ̀ lè jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá ṣì ń rùn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, padà lọ wo wáyà.

Díìsì àtijọ́ yẹn, má jù ú nù. Ya àwòrán ojú rẹ̀ méjèèjì nínú oòrùn kí o fi ránṣẹ́ sí mi, kí o sì sọ fún mi bóyá ibi tí síìlì wà tutù tàbí ó gbẹ. Màá lè wo ohun tó jẹ ẹ́ níbẹ̀, kí a mọ ohun tí wàá yí padà kí tuntun yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í rin ojú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé.